Dáṣíbọ́ọ̀dù Tó Ń Jẹ Lẹ́tà

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù yìí o! Tòkunbọ̀ ará Jámánì ni ọkọ̀ mi, ọdún 1999 ni wọ́n ṣe é. Ẹ́ńjìnnì kò yọ mí lẹ́nu, gíà ń wọlé wẹ́rẹ́. Ibi tó ń kọ̀wé sí nìkan ló sọ mí di ẹni ẹ̀sín. Láàárọ̀, gbogbo lẹ́tà á pé. Bí oòrùn bá ti mú un, wọn á máa pòórá díẹ̀díẹ̀, títí 8 á fi di 3, tí 3 á di ohun tí tíṣà ìṣirò kò lè pè.

Kó tilẹ̀ dákẹ́, kò ní dákẹ́. Á dún gbọ̀ǹ, á wá kọ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Orí Third Mainland Bridge ló ti dá mi lóró: ó dún, mo wò ó, ìlà wẹ́rẹwẹ̀rẹ ni mo rí. Ṣé ọ́ìlì ni, àbí ẹ́ńjìnnì fẹ́ jóná? Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àyà mi ń já, àwọn onídáńfó ń bú ìyá tó bí mi. Ìgbà tílẹ̀ tutù lálẹ́ ni mo tó kà á: omi tí wọ́n fi ń fọ gíláàsì iwájú ló ń tán lọ!

Rìwáyà kan ní bátìrì ni. Mo ra bátìrì. Òmíràn ní fíùsì ni. Ẹlòmíràn ní brain box ló kú, ó dárúkọ owó tó tó ra ọ̀kadà. Ẹni tó tú dáṣíbọ́ọ̀dù náà ló fi wáyà pẹlẹbẹ kan hàn mí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá píọ̀wọ́tà. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù, ooru sì ti tú u. Gọ́ọ̀mù! Nínú oòrùn Èkó! Bí wọ́n bá fi iná jó wáyà náà mọ́ bọ́ọ̀dù, á yọ́. Irin pàtàkì ni wọ́n fi ń tẹ wáyà tuntun mọ́ ọn, kò sì sẹ́ni tó ní in ládùúgbò wa. Fóòmù ló fi tì í lẹ́yìn. Kò pẹ́ tó tún yẹ̀.

Wọ́n ní kí n lọ ra odindi dáṣíbọ́ọ̀dù àlòkù ní ọjà Ládípọ̀. Kìlómítà ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́ ńkọ́, tó wà nínú rẹ̀? Ṣé kí n máa ru ìrìn tí n kò rìn ni? Ọkọ̀ tèmi á tún mọ̀ pé àjèjì ni, á tan àmì kékeré kan sí i tí kì í kú.

Mo bá ní kí n ta ọkọ̀ náà. Oníbàárà dé lọ́sàn-án gangan, ó tẹjú mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Dádì, kìlómítà dà? Ẹ ti yí i, àbí?"

Mo ní kó padà wá láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó yọ, á rí gbogbo rẹ̀. Ó wò mí tìfura-tìfura, ó ní òun kì í ra ọkọ̀ tí wọ́n ń bọ kó tó sọ̀rọ̀.