Bodiam, Ibùdókọ̀ Tó Kú Tó Tún Jí

Òyìnbó, ẹ kú ọ̀ràn reluwé o. Èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín pa, ẹ̀yin náà lẹ tún ń náwó jí.

Mo dé ibùdókọ̀ Bodiam ní ìlà-oòrùn Sussex, mo ń retí ilé ńlá. Ilé páànù ni mo bá! Páànù gan-an, irú èyí tí a fi ń bo ìsọ̀ ẹlẹ́ran. Nílé wa, àna ò ní fọmọ fún ẹni tó bá kọ́ ọ. Níbẹ̀, ọ̀dà ni wọ́n ń kùn ún, wọ́n sì ń gbowó tíkẹ́ẹ̀tì lé e.

Òfin ọdún 1896 ló kúkú fàyè gba reluwé olówó pọ́ọ́kú fún ará oko: ojú irin fúyẹ́, ilé fúyẹ́, eré náà ò gbọdọ̀ ju máìlì 25 ní wákàtí kan. Holman Stephens tó la ojú irin Bodiam mọ owó ṣọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́dún 1900, ibùdókọ̀ tí wọ́n pè ní Tenterden fi nǹkan bíi máìlì méjì jìnnà sí ìlú Tenterden. Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀ ní Mọ́níyà n'Ìbàdàn rí, tó jẹ́ pé Dùgbẹ̀ lẹ ń lọ, ẹ ṣáà gbọ́.

Ìgbà tí ará London bá ya wá ká hops, òdòdó kíkorò inú bíà, lóko Guinness, nìkan ni Bodiam ń kún. Ọtí ló gbé e ró! Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1954, wọ́n ní kí reluwé náà má gbérò mọ́. Ní 1961, wọ́n tì í pátápátá.

Ọdún yẹn náà làwọn kan ní àwọn ò gbà. Ní 1967, mínísítà ìrìnnà kọ̀ fún wọn, torí ibi tí ojú irin ti dábùú títì. Orúkọ mínísítà? Barbara Castle. Castle ni wọ́n ń pe ilé olódi, ilé olódi ló sì sọ Bodiam di olókìkí. Castle dí ọ̀nà castle!

Wọn ò gbọ́. Ní 1974, wọ́n kọ́kọ́ wa díẹ̀ níhà Tenterden. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2000, tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i, reluwé tún fọn fèrè wọ Bodiam.

Lọ́jọ́ tí mo dé ibẹ̀, bàbá arúgbó kan ń fi àkísà nu idẹ ara ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń mí sí i, ó ń nù ún. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Èló ni wọ́n ń san fún yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. Òun ló ń sanwó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún kí òun lè máa rí i nù! Ó ní ṣé n ò ní dara pọ̀ mọ́ wọn. Mo ní mo ń kánjú.

Ó wo reluwé, ó wò mí. "Kí lo wá ń wọ èyí fún?"