Ẹnìkan Ò Kí Ìyá Lisa ní Pẹ̀lẹ́!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fẹnu dídùn fà mí jáde lálẹ́ Sátidé, nínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù tó ń gé etí bí abẹ, pé ká lọ wo fíìmù The Room tí Tommy Wiseau ṣe lọ́dún 2003. Òun ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀, òun náà ló ṣe Johnny, wọ́n sì ní mílíọ̀nù 6 dọ́là ló ná lé e lórí. Háà! Nínú gbogbo owó yẹn, kò ṣẹ́ kọ́bọ̀ kan kù tí ì bá fi ra ìdí tí Lisa, àfẹ́sọ́nà Johnny, fi ń ṣe ohun tó ń ṣe?

Èmi tí mo bá pààrọ̀ irú búrẹ́dì tí mò ń rà, ẹ̀ẹ̀mẹta nìyàwó mi á bi mí pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n Lisa! Johnny ń ra òdòdó fún un, ó ra aṣọ pupa fún un, aáyán pàápàá kò lè ráhùn nílé rẹ̀, ni Lisa bá ní ọkùnrin náà ti sú òun. Ó dáa, kó máa lọ. Kò lọ! Ó jókòó sílé onílé, ó ń pe Mark, ọ̀rẹ́ Johnny tímọ́tímọ́, ó rọ Johnny tí kì í mutí lọ́tí yó, ó parọ́ pé ó na òun, ó parọ́ pé òun lóyún, nígbà tí wọ́n sì bi í, ó ní kí ọ̀rọ̀ lè dùn ni! Ṣé ọbẹ̀ loyún ni?

Mark náà ńkọ́? Bó ṣe ń wọlé ló ń bi Lisa pé kí ló dé tó múra báyìí, bí ẹni tí kò débẹ̀ rí, á ní ọ̀rẹ́ òun ni Johnny, a ó sì tún bá òun àti Lisa lórí àtẹ̀gùn. Peter, ọ̀rẹ́ wọn, kàn tanná wo ọ̀rọ̀ náà fún un lórí òrùlé, Mark fẹ́ taari rẹ̀ sílẹ̀, kí n tó mí kanlẹ̀, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá! Òṣèré tó ṣe Peter sì bá tirẹ̀ lọ kí iṣẹ́ tó parí, ni Steven tí a ò rí rí bá yọjú síbi àríyá, ó ń bínú bí ẹbí ìyàwó.

Èyí tó dùn mí wọra ni ti ìyá Lisa. Bí ẹni ń sọ pé tòmátì ti wọ́n ló ṣe sọ pé àyẹ̀wò ti jáde, jẹjẹrẹ ọmú ni. Lisa ní kó má ṣèyọnu, wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà, ó tán! Títí fíìmù fi parí, kò sẹ́ni tó ní pẹ̀lẹ́. Èmi tí mò ń kí àjèjì tó bá kọsẹ̀ lójú títì? Mo dìde nínú òkùnkùn, mo ké pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà!”

Ni ṣíbí ike bá ń rọ̀ lé mi lórí! Àwòrán ṣíbí kan ló wà nínú férémù ní pálọ̀ Johnny, bó bá ti yọ, gbogbo èrò á máa ju ṣíbí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì mọ̀, ó kó tirẹ̀ sápò, kò sọ fún mi!

Mo délé láago méjì òru. Mo ṣí fìlà, ṣíbí funfun méjì já bọ́ sílẹ̀ níwájú ìyàwó mi. Ó wò ó, ó wò mí.

“Òde ìnáwó wo lo ti lọ jẹ ìrẹsì tí o ò bu tèmi bọ̀?”