Ẹwà Tó Bù sí Ilé Ẹbí

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Nígbà tí àwọn àgbà ń pa òwe yìí, koríko àti ewé ni wọ́n fi ń bo ilé, iná ẹ̀ẹ̀rùn kò sì mọ ààfin yàtọ̀ sí ahéré. Ààfin á jó, inú ọba á bàjẹ́, ará ìlú á sì tún un kọ́ débi tí yóò fi dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Ní Abẹ́òkúta òde òní, ó ti di ètò iṣẹ́. Ọmọ Ẹ̀gbá tówó díẹ̀ bá ti bọ́ sí lọ́wọ́ kì í dúró de iná mọ́; òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé sìmẹ́ǹtì, táìsì àti àjà P.O.P. wọ ilé bàbá bàbá rẹ̀, yàrá kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹwà ń bọ̀ lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fò nínú òwe náà: ọba. Bó bá ṣe pé iná ló ń bu ẹwà sílé ni, ilé mẹ̀kúnnù ni ìbá rẹwà jù láyé, nítorí òun ló ń jó jù. Ìlú ló ń bu ẹwà sílé ọba. Àdúgbò kan á gé igi, òmíràn á po amọ̀, òmíràn á ru koríko wá, àwọn obìnrin á pọnmi, onílù á sì wà nídìí ìlù kí iṣẹ́ má baà sú wọn. Ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ ti ká fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́ ni, ta ni yóò kọ́ Ẹ̀gbá? Ẹgbẹ́ aáró ni Lísàbi, akọni Ẹ̀gbá, dá sílẹ̀ nínú igbó Ẹ̀gbá ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Abẹ́ aáró yẹn náà ni wọ́n ti gbìmọ̀ títí wọ́n fi dìde sí àwọn ìlàrí, ìyẹn ìránṣẹ́ Aláàfin, tí wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Àwọn ọmọ Lísàbi kan náà ló wá ń tún ilé ẹbí ṣe lónìí, tí ẹni tó wà ní yàrá kejì kò ní mọ̀ pé bíríkìlà ti wọlé, àfi bí eruku bá bà á nínú ọbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ìtàn àtijọ́ lásán ni pé ìlú ló ń kọ́ ilé ọba, kó wo Kasubi ní ìlú Kampala, lórílẹ̀-èdè Uganda, níbi tí wọ́n sin àwọn ọba Buganda sí. Ilé ńlá ibẹ̀, Muzibu Azaala Mpanga, tí wọ́n fi koríko bò, jóná ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 2010. Wọn kò sáré lọ ra páànù. Òrùka 52 ló yí inú òrùlé náà ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìdílé 52 tó wà ní Buganda, bíbo koríko rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ tí ìdílé Ngeye jogún. Wọ́n fara balẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ látijọ́, ó sì di 2023 kí UNESCO tó yọ ọ́ kúrò lára àwọn ibi àjogúnbá tó wà nínú ewu. Ilé ọba nìyẹn. Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, nígbà tí ààfin rẹ̀ ní Windsor jó lóṣù Kọkànlá 1992, ó di kí wọ́n máa ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó fẹ́ wo ààfin Buckingham kí wọ́n tó rí owó parí àtúnṣe náà ní 1997. Ẹni tó ní adé wúrà ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Ìkìjà ní Abẹ́òkúta tó ń retí owó oṣù ní òun nìkan á dá a ṣe.

Ẹ gòkè àpáta Olúmọ kí ẹ wo ìsàlẹ̀. (Ní 2006, àpáta pàápàá rí ẹ̀rọ agbéniròkè gbà nínú àtúnṣe.) Páànù tó ti dípẹtà lẹ máa rí, pupa rẹ́súrẹ́sú títí dé Ìtòkú àti Aké. Ọgbọ́n wà lábẹ́ àwọn òrùlé yẹn. Nígbà tí Ẹ̀gbá tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1830, amọ̀ ni wọ́n fi kọ́lé. Nígbà tó yá, àwọn Sàró ti Sierra Leone dé, àwọn Àgùdà ti Brazil àti Cuba dé, wọ́n sì mú àrà wọ̀lú: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín, òpó tí wọ́n fọwọ́ ya òdòdó sí lára, ọdún tí wọ́n kọ́lé tó hàn gàdàgbà níwájú, àti fèrèsé onígi tó ń gba atẹ́gùn wọlé bí wọ́n bá tilẹ̀ tì í pa. Ojú irin tó gba Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn ní 1901 mú kó rọrùn láti kó páànù wá láti Èkó. Síbẹ̀, ẹ gbẹ́ ògiri wò, amọ̀ lẹ máa bá. Ògiri amọ̀ tó nípọn kì í tètè gbóná lọ́sàn-án; bó bá sì fa omi mu nígbà òjò, oòrùn á fà á jáde padà.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ ilé ẹbí kan. Kì í ṣe ilé ẹnì kan pàtó, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bínú bó bá jọ tirẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́jọ ni. Bàbá àgbà tó kọ́ ọ fẹ́ ìyàwó mẹ́rin, ìdí igi mẹ́rin ló sì pín in, yàrá méjì-méjì. Ọmọ kan wà ní Peckham, ní London. Ní oṣù Kẹwàá, ó fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n tún yàrá òun ṣe kí Kérésì tó dé, torí òun ń mú ìyàwó àti àwọn ọmọ bọ̀. Bíríkìlà dé, ó kan ògiri, ó sì gbójú sókè wo fóònù tí àbúrò oníyàrá gbé dání kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè máa rí i láti òkè òkun.

“Ọ̀gá mi, ẹ kú ìnáwó o. Amọ̀ lèyí.”

“Mo mọ̀. Kí la máa ṣe sí i?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá. A máa fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Ẹni tó bá wọlé ò ní mọ̀ pé amọ̀ ni mọ́.”

Ohun tí ọ̀gá ń fẹ́ gan-an nìyẹn, kí ẹni tó bá wọlé má mọ̀. Ṣùgbọ́n ògiri mọ̀. Sìmẹ́ǹtì le, amọ̀ rọ̀; bí amọ̀ bá wú tàbí tó sún kì, sìmẹ́ǹtì kì í bá a lọ, ló bá sán. Omi òjò á gba ojú ibi tó sán wọlé, omi ilẹ̀ á gba ìpìlẹ̀ gòkè, kò sì ní rọ́nà jáde mọ́. Kí òjò ọdún kejì tó dá, ẹ fi ìka kan ògiri náà, á máa dún bíi korobá òfìfo. Ọjọ́ tó bá já, kì í dá já. Á bu amọ̀ dání. Àwọn àgbà mọ èyí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á po amọ̀ mọ́ koríko gígé, wọ́n á fi dí ibi tó bó, àwọn obìnrin ilé á sì fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ilẹ̀ títí yóò fi dán. Iṣẹ́ ọdọọdún ni, kò sì ṣeé yà ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù ni pé ọmọ Ẹ̀gbá ni sìmẹ́ǹtì ọ̀hún. Ọdún 1959 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ WAPCO sílẹ̀, ní ìparí 1960 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta ẹfun abẹ́ ilẹ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò. Wọ́n wa ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n sun ún, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n dì í sápò, wọ́n wá tà á fún Ẹ̀gbá kó fi bo ilẹ̀ Ẹ̀gbá mọ́lẹ̀ lára ògiri bàbá rẹ̀. Ní ìparí 2023, nǹkan bí ₦5,000 ni àpò kan. Kí oṣù Kejì 2024 tó parí, ó ti ré kọjá ₦10,000. Amọ̀ kò fi kọ́bọ̀ lé e.

Láti orí ògiri ni iṣẹ́ ti kan fèrèsé. Wọ́n yọ ti igi, ó di igi ìdáná fún ìyá tó ń din àkàrà níwájú ilé, wọ́n wá fi onígíláàsì tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́pò rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣí apá kan, apá kejì ló ń lọ dí. Ìdajì atẹ́gùn ti lọ nìyẹn. Wọ́n fi P.O.P. sọ àjà kalẹ̀, ooru tó ti ń lọ kó sókè tẹ́lẹ̀ wá ń kó sórí ẹni tó dùbúlẹ̀. Ooru pọ̀, wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù. Iná kò sí, wọ́n ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n gbé e sí fáráńdà, èéfín rẹ̀ sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí yàrá Ìyá Àgbà, ẹni tí kò ní P.O.P., tí yàrá rẹ̀ tutù minimini láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé. Ní ti ilẹ̀, bíríkìlà ní ó gbọ́dọ̀ tẹ́jú kí táìsì tó lè jókòó, ibì kan sì ga díẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ó gé e. Sàréè bàbá àgbà ni.

Yàrá kan tó bá ti ń dán nínú ilé ẹbí kì í jẹ́ kí yàrá yòókù sùn. Ọmọ ìdí igi kejì tó jẹ́ tíṣà yá owó ní kọpuréétífù, ó kun apá tirẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ìyáàfin tó wà ní Ọ̀tà lẹ bébà aláwòrán bíríkì mọ́ ògiri amọ̀, bébà tí kò sí bíríkì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí igi kẹrin kò rówó, òjò ló ń bá wọn kun tiwọn. Nígbà tó fi máa di Àjíǹde, iwájú ilé ti di àwọ̀ mẹ́ta: eérú London, ewé tíṣà, pupa tí Ọlọ́run fún amọ̀. Òpó àárín, tí Àgùdà fọwọ́ ya òdòdó sí, bọ́ sí ààlà. Ìdajì òdòdó gba ọ̀dà, ìdajì kò gbà. Ọdún tí wọ́n kọ́lé, 1926, wà lókè níwájú. “19” bọ́ sí apá London, ọ̀dà bò ó. “26” ṣẹ́ kù, àwọn ọmọdé àdúgbò sì rò pé nọ́ńbà ilé ni.

Èkó náà ní ìtàn ilé àtijọ́ tirẹ̀. Ilé Fernandez ní Ìta Tinúubú, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ilojo Bar, ti wà láti 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀, ìwé ìkéde sì wà níbi tó wà. Jaekel House ní Èbúté Mẹ́ta rí ojú rere ju bẹ́ẹ̀ lọ: ilé rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898 ni, ó ń wó lọ kí ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Legacy tó gbà á tún ṣe tí ó sì di ilé tí wọ́n ń kó ìtàn rélùwéè sí. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Lísàbi ìbá mọ orúkọ tí yóò pè é.

Ohun tí yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbàgbé nínú ilé tiwa yìí ni òrùlé, nítorí òrùlé kì í ṣe yàrá ẹnikẹ́ni. Páànù ọjọ́ kìíní ṣì ni. Òjò oṣù Kẹfà gba ihò kan wọlé, ó rìn lórí igi àjà, ó kọjá lórí ìyáàfin Ọ̀tà láìfọwọ́ kàn án, ó sì lọ já sínú P.O.P. London, tó ya àwòrán pupa roboto sáàárín funfun. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Peckham wà lórí fóònù.

“Bọ̀dá mi,” ni tíṣà wí, “orí yàrá yín ló ń jò sí, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é.”

“Àbúrò, lórí apá tìrẹ ni ihò náà wà.”

Ìyá Àgbà, tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, nígbà tí bàbá yín ń fi páànù bo ilé yìí, yàrá ta ló fi bò?”

Gbogbo ẹnu ló pa mọ́, akọ̀wé sì ní kí wọ́n bọ́ sí kókó kejì. Kókó kejì ni ayẹyẹ ṣíṣí ilé, nítorí Peckham ń bọ̀ ní Kérésì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ti fẹnu kò lórí léèsì, iye tí ìdí igi kọ̀ọ̀kan máa dá, onílù, àti màlúù. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ páànù sí ìpàdé ọdún tó ń bọ̀. Èyí tó ṣì ń fa ìjà títí di bá a ṣe ń wí yìí ni èwo nínú àwọ̀ mẹ́ta iwájú ilé ni aṣọ ẹbí máa bá mu.