Ta Ló Ni Ín Tẹ́lẹ̀?

Gbé ògbólógbòó ìwé ẹ̀sìn àwọn Júù lé Bàbá Ta-ló-ni-ín lọ́wọ́, kò ní bi ọ́ ní ohun tó wà nínú rẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ ló máa sáré ṣí, níbi tí àwọn ará àtijọ́ máa ń kọ orúkọ wọn sí. Bó bá rí orúkọ rábì ńlá kan níbẹ̀, inú rẹ̀ á dùn bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Bí kò bá rí i, á pa ìwé dé: "Ìwé lásán ni."

Irú rẹ̀, àwọn tó ń kó ògbólógbòó ìwé jọ, wà ní Brooklyn, wọ́n wà ní Golders Green ní Lọ́ńdọ̀nù, ti Jerúsálẹ́mù kò ṣeé kà. Ẹni jẹ́jẹ́ ni Bàbá. Kì í ta tẹ́tẹ́, kì í rìn lóru, àmọ́ lọ́jọ́ tí ilé gbàǹjo bá fẹ́ ta ìwé, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Ẹ wá wo ìwé àdúrà kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì rẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn Chatam Sofer, rábì Pressburg tó kú ní 1839, ni wọ́n ní ó ni ín rí. Láàárín àdúrà Yom Kippur, ọjọ́ ètùtù, àbàwọ́n kan tó pọ́n rúsúrúsú wà níbẹ̀, kò tó èékánná. Bàbá á gbé awò sójú, á mí kanlẹ̀: "Omijé ẹni mímọ́ nìyí." Ìyàwó rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. "Aáṣáà nìyẹn." Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èyí tó tún ń wù ú ni ìwé tí rábì kọ nǹkan sí létí. Bí àwọn rábì wọ̀nyẹn bá ń kàwé, tí wọ́n rí àṣìtẹ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ kan ò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ki kálámù bọ tàdáwà, wọ́n á dá ẹni tó kọ ọ́ lóhùn lójú ewé níbẹ̀. Kí ọmọ-ọmọ Bàbá mú pẹ́ńsùlù sún mọ́ ìwé náà lónìí, igbe á ta.

Kò sí ìnáwó tí kì í ti í sọ ìtàn Jack Lunzer, ẹni tó kó ògbólógbòó ìwé Júù jọ bíi tirẹ̀. Lunzer rí Talmud, ìwé òfin àwọn Júù, tí Daniel Bomberg, Kìrìsìtẹ́nì ará Antwerp, tẹ̀ parí ní Venice ní 1523. Ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Ó lépa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó wá fi ògbólógbòó ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀ṣì náà fúnra rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, wọ́n tà á ní ilé gbàǹjo Sotheby's ní New York ní mílíọ̀nù 9.3 dọ́là. Bí Bàbá bá ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé òun ló ru àpótí.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé yìí ni wọ́n ti sun tàbí jí. Ní 1553, wọ́n dáná sun Talmud ní gbangba ní Róòmù. Lẹ́yìn ogun Hitler, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó ìwé táwọn Nazi jí jọ sí Offenbach ní Jámánì, ó lé ní mílíọ̀nù méjì, wọ́n ń wo òǹtẹ̀ ojú ewé kí wọ́n lè dá wọn padà. Ta ló ni ín? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ín ti kú. Ṣùgbọ́n ẹ fi òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ ìlú kékeré kan, tí wọ́n dáwó jọ ra Talmud, han Bàbá. Á ní: "Ta ló mọ̀ wọ́n?"

Èyí tó fi ń yangàn jù ni ìwé Sefer Hasidim, tí wọ́n tẹ̀ ní Bologna ní 1538. Ìwé náà kọ́ni pé kí ẹni tó níwèé máa yá àwọn tí kò ní. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ rábì bẹ̀ ẹ́ pé kóun wo ewé kan péré. "Lọ ra ti ìsinsìnyí," ni Bàbá wí, "ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀." Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò.

Mi ò bá irú wọn ṣọ̀tá. Bí kì í bá ṣe tiwọn, kòkòrò ì bá ti jẹ púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí tán. Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún Bàbá: kó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún ọmọ náà.