Ẹ Dákẹ́, Wọ́n Ń Po Tíì

Àwọn ará Japan mà gbé tíì ga o! Wọ́n lè fi tó wákàtí mẹ́rin ṣe àlejò nídìí rẹ̀. Ewé tíì gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, ṣúgà kò sì gbọdọ̀ kàn án. Ọmọ Òṣogbo tó ń rọ mílíìkì sórí Milo tó sì ń pè é ní tíì yóò bi wọ́n bóyá àgbo ibà ni.

Ohun mẹ́rin ni wọ́n ní ó gbé ètò tíì pípo náà ró: ìrẹ́pọ̀, ọ̀wọ̀, ìmọ́tótó àti ìdákẹ́rọ́rọ́. Sen no Rikyū ni àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Hideyoshi, ọ̀gá tó ń po tíì fún, ló sì pàṣẹ ní 1591 pé kó pa ara rẹ̀. Ìrẹ́pọ̀ rèé!

Ilẹ̀kùn yàrá tíì kéré débi pé láyé àtijọ́, jagunjagun pàápàá á rákò wọlé, idà rẹ̀ á dúró síta. Ẹ wá mú gbajúmọ̀ Ìjẹ̀ṣà kan débẹ̀ nínú agbádá tó fi lọ sí ọdún Ìwúde n'Íléṣà. Ta ló máa rákò? Á ní kí wọ́n pe bíríkìlà kó fẹ ilẹ̀kùn, òun á sanwó, kí wọ́n ṣáà kọ orúkọ òun sára ògiri.

Àmọ́ ká má purọ́ mọ́ Ìjẹ̀ṣà. Bó bá di ti ká fi orúnkún jìyà, Japan kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn baba Òṣómàáló wọn tó ń ru aṣọ kiri nígbà kan, tí wọ́n ń tà á láwìn, ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni wọ́n ń lóṣòó sí títí owó á fi jáde. Ìdákẹ́rọ́rọ́ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ iye tó kù.

Ẹni tó sún mọ́ Rikyū jù ní Òṣogbo ni àbókí onítíì ní Sábó. Á gbé kọ́ọ̀bù kan sókè, á gbé èkejì sísàlẹ̀, á máa da tíì láti inú ọ̀kan sínú èkejì, ẹ̀kán ò ní í ta sílẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀. Àwa tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì la ń bà á jẹ́: ẹnìkan ń bú gómìnà, ẹnìkan ń sunkún tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan sì ti jẹ búrẹ́dì tán, ó ní kí wọ́n kọ tòun síwèé, ó dọjọ́ Ẹtì.

Àbókí, o ò ṣe kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í lóṣòó.