Oríkì Aláyélúwà Páànù Jíjò ti Ògèrè

Aláyélúwà Páànù Jíjò, Arọ̀jò-sínú-yàrá, Apopó-lẹ́kún, ọba tó jókòó lé olórí ẹbí lórí, ni oríkì tọ́ sí jù lọ nínú gbogbo alágbára tó wà ní Ògèrè Rẹ́mọ, nítorí pé ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀, kò sí èyí tó tíì rọ̀ wọ́n lóyè. Kábíyèsí Ológèrè ló ni ìlú o. Abẹ́ àjà ilé àwọn opó àti arúgbó nìkan ni Aláyélúwà yìí ti ń jọba.

Ọgbọ́n ni wọ́n fi gorí oyè. Bí oòrùn bá ti ń na páànù lọ́sàn-án, tí òtútù sì ń sún un kì lóru, ìṣó tó dè é mọ́ igi àjà a máa tú díẹ̀díẹ̀, rọ́bà kékeré tó wà lábẹ́ orí ìṣó a gbó, ihò a sì yọ. Láti ibẹ̀ ni omi ti ń wọnú ògiri alámọ̀ tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, ìyẹn ni pé wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bo ojú amọ̀ kí ilé lè jọ tìgbàlódé. Sìmẹ́ǹtì yìí kì í jẹ́ kí amọ̀ tó ti rin tètè gbẹ, nítorí náà ògiri a máa rà nínú nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Oṣù Kẹfà àti oṣù Kẹsàn-án ni ọdún Aláyélúwà máa ń kún jù, ìdákẹ́ òjò tó ń wà ní oṣù Kẹjọ ni wọ́n sì fi ń sinmi. Bàsíà, korobá àti ìkòkò ọbẹ̀ ni ìjòyè wọn, olúkúlùkù ló ní ibi tó ń jókòó sí lórí ilẹ̀ yàrá, ìyá àgbà tó ni ilé ló sì ń dìde lóru láti tú omi ẹsẹ̀ wọn dà.

Ọmọ Rẹ́mọ tí kì í gba ẹ̀bùn aládùúgbò ni Aláyélúwà. Láti ọdún 1978 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti wà ní Ṣágámù, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó gba Ògèrè kọjá. Tírélà tó ru sìmẹ́ǹtì àti páànù tuntun ń kọjá tọ̀sán-tòru, òmíràn tilẹ̀ ń sùn síbẹ̀, síbẹ̀ ìdì kan kò jábọ́ sórí ilé opó.

Àwọn tó dìde sí Aláyélúwà kò rí wọn gbé ṣe. Owó Àjọ Ilé Gbígbé ti Orílẹ̀-èdè, tí òfin ọdún 1992 fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, jẹ́ owó tí òṣìṣẹ́ ń dá láti inú owó oṣù rẹ̀, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó lè yá nínú rẹ̀ kọ́lé tàbí kí ó fi tún ilé ṣe. Ìyá tó fi obì títà tọ́ ọmọ kò gba owó oṣù rí. Nígbà tí Ibikunle Amosun jẹ́ gómìnà Ògùn, láti 2011 sí 2019, ìjọba rẹ̀ dín owó ìwé ilẹ̀ kù fún àwọn tó ti kọ́lé láìgba ìwé, ohun tó dára sì ni, ṣùgbọ́n ìwé kì í gba òjò dúró. Inú àpótí tí ìwé náà wà gan-an ni Aláyélúwà ń kán sí. Ní ti ilé tuntun tí ìpínlẹ̀ ń kọ́ sí Kémta àti Kóbapé ní ìhà Abẹ́òkúta, títà ni wọ́n wà fún.

Aláyélúwà tún ní ẹbí lókè òkun, níbi tí òrùlé tálákà ti ń jò bákan náà. Òfin tí Ààrẹ Ford ti Amẹ́ríkà buwọ́ lù ní ọdún 1974 ń fún àwọn ìlú ńlá lówó tí wọ́n lè fi tún ilé tálákà ṣe, Philadelphia sì ń tún òrùlé ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún onílé tí agbára rẹ̀ kò ká a. Níbẹ̀ náà, àwọn onílé kan ti dúró lórí ìlà fún ọdún púpọ̀ rí.

Ohun tí yóò rọ Aláyélúwà lóyè ní Ògèrè kò tó ohun tí ìjọba ń tìtorí rẹ̀ ṣèpàdé ní Abẹ́òkúta: káfíńtà, ìṣó, ìdì páànù díẹ̀, àti akọ̀wé kan tí yóò ṣírò ilé opó àti ti arúgbó tó ń jò, ojúlé sí ojúlé. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́, tí Ògèrè wà lábẹ́ rẹ̀, gba iṣẹ́ yìí ṣe, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kìíní, nígbà tí orí àjà ṣì gbẹ.