Bí Ìwádìí Rẹ Kò Ṣe Ní Dé Ìpata: Ìtọ́sọ́nà fún Òmùgọ̀ Onísáyẹ́ǹsì

O kú oríire. Ilé-ìwádìí ohun ẹlẹ́mìí ti gbà ọ́ síṣẹ́. Wọ́n ti fún ọ ní ẹ̀wù funfun, wọ́n ti fi tábìlì hàn ọ́, o sì ti mọ ọ́fíìsì tí jẹnẹrétọ̀ máa ń dé. Iṣẹ́ gidi ló kù báyìí: kí o ṣe ìwádìí títí di ọjọ́ tí o máa fẹ̀yìn tì, kí ìkankan nínú rẹ̀ má sì ṣèèṣì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó nílò rẹ̀. Má rò pé ó rọrùn, pàápàá ní Ìlọrin. Ilé-iṣẹ́ NSPRI, tí ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ láti wádìí bí irè oko kò ṣe ní bàjẹ́ lẹ́yìn ìkórè, wà lójú ọ̀nà Asa Dam. Ọjà Ìpata náà wà nílùú yìí kan náà. Ọkọ̀ kòrópé lásán lè gbé ìmọ̀ dé ọ̀dọ̀ aláta kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́. Nítorí náà, ṣọ́ra.

Kọ́kọ́ mọ ibi tí o gbọ́dọ̀ máa sá fún. Ní Ìpata, wọ́n ń dúńbú màlúù, wọ́n ń ta ẹran, wọ́n ń ta rodo àti tàtàṣé, tòmátì ń ti òkè Ọya wá nínú apẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí ìwé rẹ ń sọ ló wà níbẹ̀ láàyè: ó ń ké, ó ń rùn, ó ń rà. Bí o bá gbọ́dọ̀ lọ, mú ike kékeré dání. Kí alápatà, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlàájì,” gé ẹ̀dọ̀ díẹ̀, gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, kí o sì pòórá. Bí ó bá rí ọ lọ́dún tó ń bọ̀ tó bi ọ́ léèrè pé kí lẹ rí nínú ẹ̀dọ̀ ọjọ́sí, sọ fún un pé ó ti jáde. Má sọ ibi tó jáde sí.

Ẹ̀yìn èyí ni kí o yan kókó. Ìmọ̀ràn tèmi ni kí o mú kòkòrò ẹ̀wà, torí kò ní tán láyé. Callosobruchus maculatus ni wọ́n ń pè é lójú ìwé. Abo rẹ̀ máa ń lẹ ẹyin mọ́ èèpo ẹ̀wà, nígbà mìíràn láti inú oko kí wọ́n tó kórè. Ẹyin á pa, ìdin á gbẹ́ ihò wọlé, á máa jẹ ẹ̀wà láti inú. Ní nǹkan bí oṣù kan, àgbà kòkòrò á yọ jáde láti ojú ihò róbótó kan, kò sì ní jẹ ẹ̀wà mọ́: á gùn, á yé, á kú. Ìyá ẹlẹ́wà ní Ìpata mọ gbogbo èyí láìka ìwé. Ó mọ̀ pé olóyin tó ń dán lónìí lè di asẹ́ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Ohun tó ń wá ni bí yóò ṣe dá a dúró láìfi oògùn sí i. Ohun tí o kò gbọdọ̀ wádìí nìyẹn.

Kọ nípa irun ẹsẹ̀ kòkòrò náà. Tàbí kí o lọ ewé dóńgóyárò lọ́dún yìí, ewé ẹ̀fínrín lọ́dún tó ń bọ̀, èèpo ọsàn gbígbẹ lọ́dún kẹta, kí o máa wọ́n ọn sórí ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kan nínú abọ́ gíláàsì, kí o sì máa ka òkú kòkòrò. Àpilẹ̀kọ mẹ́ta nìyẹn. Kóńgò kan ẹ̀wà kò ní bọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n ta ló bi ọ́?

Nínú ìfáárà, dẹ́rù ba òǹkàwé. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ wà nílẹ̀ fún ọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Oògùn apakòkòrò dichlorvos ni wọ́n bá nínú rẹ̀, láti 0.03 dé 4.6 mílígíráàmù nínú kílò kan, bẹ́ẹ̀ òfin wọn kò gbà ju 0.01 lọ. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Wọ́n sún un di 2019, wọ́n tún sún un síwájú. Ní 2019 kan náà, NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké oògùn náà lọ́jà. Kó gbogbo èyí sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí olóòtú tó wà lókèèrè lè mọ̀ pé ọ̀ràn ńlá lò ń bá yí. Ìpínrọ̀ kejì ni kí o ti padà sórí irun ẹsẹ̀.

Níbo lo máa tẹ̀ ẹ́ sí? Òkèèrè ni. Àpilẹ̀kọ tí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ lè rí kà kò níyì níwájú ìgbìmọ̀ tó ń sọni di ọ̀jọ̀gbọ́n. Wá jọ́nà tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kà á. Bí ojú àánú bá ń ṣe ọ́, tí o fẹ́ kó ṣí sílẹ̀ fún tẹrútọmọ, ìwọ ni wàá sanwó rẹ̀: Nature kéde lọ́dún 2020 pé €9,500 lòun ó máa gbà lórí àpilẹ̀kọ kan. Bí apá rẹ kò bá ká a, àwọn mìíràn wà tó máa gba tìrẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Wọn kò ní kà á. Wọ́n á gba dọ́là, wọ́n á sì pè ọ́ ní “Eminent Scholar”. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé, Jeffrey Beall, ń to orúkọ irú wọn síta kí ayé lè dá wọn mọ̀, títí ó fi yọ àkọsílẹ̀ náà kúrò ní oṣù kìíní 2017. Àwa òmùgọ̀ jó lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, ló hùmọ̀ h-index lọ́dún 2005. Bí o bá ní àpilẹ̀kọ mẹ́wàá tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà mẹ́wàá, ó kéré tán, mẹ́wàá ni tìrẹ. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kò sí ọ̀nà kankan tí ìyá ẹlẹ́wà lè gbà wọ inú rẹ̀. Ó lè lo ìmọ̀ rẹ, kí kòkòrò má jẹ ẹ̀wà rẹ̀ mọ́, kó fi èrè rẹ̀ sanwó ilé-ìwé ọmọ, kó máa ṣàdúà fún ọ ní gbogbo Jímọ́ọ̀. Kò tọ́ka sí ọ. Òfo ni.

Àjálù gidi ni kí o ṣèèṣì ṣe ohun tó wúlò. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò ṣọ́ra. Wo NSPRI. Láti 1948 ni wọ́n ti fi ìdí rẹ̀ lélẹ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ ẹ̀ka ìwádìí irè oko àfipamọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì tíì gbọ́n. Wọ́n ṣe dúrọ́ọ̀mù irin tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, tí ọkà tàbí ẹ̀wà gbígbẹ lè wà nínú rẹ̀ láìsí oògùn. Wọ́n ṣe NSPRIDUST, ìyẹ̀fun láti ara diatomite, èyí tó jẹ́ èèpo àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín inú omi ayé àtijọ́. Ìyẹ̀fun náà á fa ọ̀rá tó bo ara kòkòrò, omi ara rẹ̀ á gbẹ, ó parí. Wọ́n ṣe àpótí tó ń mú ẹ̀fọ́ àti èso tutù láìlo iná mọ̀nàmọ́ná: omi tó ń gbẹ lára ògiri rẹ̀ ló ń gbé ooru lọ. Wọ́n sì ń wàásù kéréètì oníke tó ní ihò fún tòmátì, torí nínú apẹ̀rẹ̀, èyí tó wà lókè ló ń tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ fọ́, ooru á ṣe ìyókù lójú ọ̀nà.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, má mikàn. Ohun tó wúlò ṣeé pa. Ṣe ẹyọ kan péré, gbé e sí yàrá àfihàn, kí o kọ àlàyé rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Jẹ́ kí mínísítà gé rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ l’Ábújá. Rí i dájú pé owó rẹ̀ ju gbogbo ọjà tó wà nísọ̀ obìnrin kan lọ. Ju gbogbo rẹ̀, má bi aláta pé kí ló dé tó fi ń lo apẹ̀rẹ̀. Bí o bá bi í, á sọ fún ọ pé apẹ̀rẹ̀ kò gbówó lórí, pé iye apẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ọjà fi ń dúnàá-dúrà, àti pé kò sẹ́ni tó máa gbé kéréètì òfìfo padà sí òkè Ọya lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rò pé ìwádìí tó kù lórí tòmátì nìyẹn ní tòótọ́, ta ni yóò sanwó kéréètì òfìfo, ṣùgbọ́n kò ní orúkọ Látìn, kò lè gbé ọ dé ibì kankan.

Owó ìlanilọ́yẹ̀ máa wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ná an ní hòtẹ́ẹ̀lì ní GRA: báńà, ráìsì jọ́lọ́ọ̀fù, sàtífíkéètì. Bí wọ́n bá fi dandan lé e pé kí o dé ọjà, báyìí ni kí o ṣe é:

“Ẹ kú ọjà o, màmá. Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa hermetic storage?”

“O káre, ọmọ mi. Ṣé oògùn ni?”

“Rárá, màmá. Modified atmosphere ni.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èló ni?”

Kò sí nínú ìwé rẹ. Ya fọ́tò, kí o máa lọ.

Ó kù kí n dárúkọ ọ̀dàlẹ̀ kan fún ọ. Larry Murdock, onímọ̀ kòkòrò láti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, lọ bá àwọn onímọ̀ Kamẹrúùnù ṣiṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ohun tí wọ́n mú jáde tini lójú: àpò. Ọ̀rá méjì nínú, sàkì lóde, o so ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tán. Nígbà tí wọ́n wádìí ohun tó ń pa kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n rí i pé òùngbẹ ni. Kòkòrò ẹ̀wà kì í mu omi. Afẹ́fẹ́ oxygen ló fi ń yọ omi jáde látinú oúnjẹ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, ọ̀fun gbẹ. Èyí nìkan tó àpilẹ̀kọ, wọ́n sì kọ ọ́ lóòótọ́, lọ́dún 2012. Kí wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n kọ̀. Láti 2007, kí wọ́n tó kọ ọ́ pàápàá, pẹ̀lú owó Gates Foundation, ni wọ́n ti ń gbé àpò náà ká abúlé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Ẹ̀wà àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀, wọ́n á dì í, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á padà wá tú u lójú gbogbo èèyàn. Ṣé o rí ìwà ìbàjẹ́? Ẹni tí kò mọ ABD ló di olùyẹ̀wò iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ti ń ṣe àpò náà ní Kánò báyìí, àwọn èèyàn sì ń fowó ara wọn rà á.

Fún ìdí èyí, ẹnu géètì ni kí o ti múra sílẹ̀. Bí ìyá ẹlẹ́wà bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá láti Ìpata, tó gbé ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ dání, tó ní wọ́n sọ fún òun pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa rẹ̀, má jẹ́ kó wọlé. Bọ̀wọ̀ fún un, dọ̀bálẹ̀ bí o bá fẹ́. Sọ fún un pé kó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà, kó fi ẹ̀dà mẹ́ta sí i, kó sì gba ọ̀dọ̀ rẹ́jísírì wá. Kó tó yí padà, bẹ̀ ẹ́ kó bu díẹ̀ fún ọ nínú ẹ̀wà náà. Kòkòrò inú rẹ̀ á tó fún àpilẹ̀kọ tó ń bọ̀.